Mo ra oúnjẹ Faransé tí wọ́n ti sè sílẹ̀ fún páátì, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí

Èèyàn 20 ni mo pè, èmi nìkan sì ni mo wà nílé ìdáná, mo wá sọ fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní dúró ti iná kí àlejò máa jókòó sí pálọ̀ láìrójú mi. Ni mo bá lọ ra oúnjẹ Faransé tí wọ́n ti sè sílẹ̀, àkọ́jẹ mẹ́ta, àjẹkẹ́yìn mẹ́rin, ọ̀sán Fúráìdeè ni wọ́n gbé e wá, Sátidé nírọ̀lẹ́ la fẹ́ jẹ ẹ́. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó sè é o, torí ọwọ́ wọn dùn, ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni mo fẹ́ sọ.

Terrine yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ àti ẹ̀dọ̀ adìẹ, háà, wọ́n ṣe é re. Ọjọ́ tó jáde nínú oven kọ́ ló máa ń dùn jù, ó gbọ́dọ̀ sun inú fíríìjì mọ́jú kí èròjà tó wọnú ẹran, kó sì tó dì débi téèyàn á fi fọ̀bẹ gé e tí ò ní fọ́. Tiwa sùn dáadáa. Kùkúḿbà wẹ́wẹ́ inú fínígà ni wọ́n fi tì í, èmi ra búrẹ́dì kún un, kò ṣẹ́kù.

Gougères náà, mo gbóṣùbà fún ẹni tó ronú ẹ̀. Bourgogne ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù ní Faransé, ìyẹ̀fun, bọ́tà, omi àti ẹyin tí wọ́n po wàràkàṣì mọ́, Gruyère tàbí Comté. Wọn ò yan án wá rárá, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n jẹ́ kó dì nínú fírísà, wọ́n wá kọ ọ́ sára páálí pé kí n gbé e wọ oven gbígbóná bẹ́ẹ̀ láìdúró kó yọ́. Kò sí yeast nínú ẹ̀, omi inú ẹ̀ tó ń di oru ló ń gbé e wú, torí náà ẹ má máa ṣí oven wò ó o, ó máa wọlẹ̀ pẹ̀ẹ́ ni. Bí àlejò ṣe ń wọlé ló ń ta sánsán, ẹni tí ò mọ̀ á ní mo ti wà nídìí ẹ̀ látàárọ̀.

Ọbẹ̀ tútù vichyssoise, ìyẹn ọbẹ̀ ọ̀dùnkún àti leek (ewébẹ̀ kan tó jọ àlùbọ́sà), ò burú, iyọ̀ ẹ̀ ni ò kàn tó. Tútù máa ń pa iyọ̀, ọbẹ̀ tó bá máa ti fíríìjì bọ́ sẹ́nu, iyọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti gbígbóná lọ díẹ̀. (Ẹnì kan ń ṣàlàyé fún wa pé oúnjẹ àtayébáyé Faransé ni, mo ní rárá o, alásè kan tó ń jẹ́ Louis Diat ló gbé e jáde ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ní New York ní 1917, ọmọ Faransé ni òun fúnra ẹ̀ ṣá.)

Ó wá kan àjẹkẹ́yìn. Crème caramel àti crème brûlée, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹyin, mílíìkì tàbí krímù, ṣúgà, fanílà, àmọ́ ìwà wọn ò jọra. Crème caramel ń fẹ́ kó sùn, inú fíríìjì ni ṣúgà jíjó tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ti ń yọ́ di omi pupa dídùn tó máa ṣàn bò ó téèyàn bá dojú ẹ̀ dé sínú àwo. Tiwa jáde láìfọ́, ó ń gbọ̀n rìrì, ó wù mí. Brûlée ní tiẹ̀, krímù ìsàlẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ sùn. Ṣúgà orí ẹ̀, ìgbà tí àlejò ti mú ṣíbí dání lèèyàn ń finá sun ún, kó lè dún kẹ́ tí ṣíbí bá kàn án. Àwọn èèyàn mi ti sun ún láti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Fúráìdeè! Ìgbà tí mo ṣí i, ó ti rin gbindin.

Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú mà, a fẹ́ kó rọrùn fún yín ni, la ṣe bá yín parí gbogbo ẹ̀." Mo ní ẹ ṣeun ọmọ mi, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ò bá parí yẹn ni ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Mo fi tíṣù fa omi orí ẹ̀, mo wọ́n ṣúgà míì, àbúrò mi gbé iná gáàsì kékeré, ó ń sun ún lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo 20, ẹ wo ìyà.

Profiteroles, ìpápánu roboto tínú ẹ̀ ṣófo tí wọ́n máa ń rọ krímù sí, ẹjọ́ kan náà, wọ́n ti rọ krímù sínú ẹ̀ láti àná, ó rọ̀ bíi fóòmù. Ká ní wọ́n gbé e wá lófìfo, krímù lọ́tọ̀, ṣokoléètì tí màá mú gbóná lọ́tọ̀, kí ló kù? Mousse ṣokoléètì, èyí tí wọ́n lù títí tó fi fúyẹ́ bí ìfófòó, dùn, àfi pé ẹyin tí wọn ò sè wà nínú ẹ̀ wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan, ìyàwó àbúrò mi sì lóyún, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo béèrè.

Mo fún wọn ní 3 nínú 5. Màá tún rà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ màá sọ ọ́ kó ṣe kedere pé kí wọ́n má finá kan brûlée mi. Àwo wẹ́wẹ́ 20 tí wọ́n fi gbé e wá ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí o, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òní ti di Tọ́sìdeè.