Ìkìlọ̀ fún àwa tí à ń hùmọ̀ géèmù: ẹ ṣọ́ra fún ìdíje tí ń béèrè owó lé owó

Mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, nílé àti lẹ́yìn odi, tí ẹ ń hùmọ̀ géèmù orí tábìlì, tí ẹ sì ń wá ìdíje tí ẹ lè fi iṣẹ́ yín sí tàbí ilé-iṣẹ́ tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́tà kan ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti fi àwòrán iṣẹ́ wọn hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ ọ́ á ní alákòóso ìdíje àgbáyé kan ni òun, á sì kí yín kú oríire pé géèmù yín ti wọ ìpele àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ ẹ kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. N kò dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí orúkọ tí ó ń lò kì í pẹ́ yí padà. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ ni kí ẹ dá mọ̀.

Owó kékeré ni ó kọ́kọ́ ń béèrè, ó ní ti àwọn adájọ́ ni. Bí ẹ bá san án, ìyìn á pọ̀ sí i, owó náà á sì pọ̀ sí i: owó fídíò, owó ayàwòrán, owó ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òfin, títí tí yóò fi kan owó tábìlì àti ìwé ìpè sí ìlú Essen ní Jámánì, níbi tí ọjà géèmù ńlá kan ti máa ń wáyé, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú gbèdéke tí kò ní jẹ́ kí ẹ rí àyè bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìyìn náà fúnra rẹ̀ yẹ kó fu yín lára, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó fi hàn pé ẹnì kan ti jókòó ṣe eré náà rí. Ẹni tó bá ti ṣe é lóòótọ́ á sọ fún yín pé ó gùn jù lápá ìparí, tàbí pé ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń borí.

Kì í ṣe gbogbo ìdíje tó bá gba owó ni ayédèrú o. Àwọn ojúlówó mìíràn máa ń gba owó táṣẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ìdíje àwọn olùhùmọ̀ ní Boulogne-Billancourt, nílẹ̀ Faransé, ti wà láti ọdún 1977. Ẹgbẹ́ Hippodice ní Jámánì náà mọ iṣẹ́ yìí dunjú, bẹ́ẹ̀ sì ni Cardboard Edison ní Amẹ́ríkà. Àlàyé géèmù náà tàbí ìwé òfin rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò; ìgbà tí wọ́n bá ti yan ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tó ń ní kí àwọn yẹn fi géèmù tí wọ́n fọwọ́ ṣe ránṣẹ́.

Ní ti ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ géèmù jáde, ọ̀dọ̀ wọn ni owó ti ń wá sọ́dọ̀ olùhùmọ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni ìdá 5 sí 8 nínú 100 owó tí ilé-iṣẹ́ náà bá rí gbà lọ́wọ́ àwọn alátùntà, wọ́n sì sábà máa ń san díẹ̀ ṣáájú. Aṣojú tó jẹ́ olóòótọ́, tí ń bá olùhùmọ̀ wá olùtẹ̀jáde, pẹ̀lú máa ń dúró de ìpín tirẹ̀ nínú owó yẹn. Ẹni tó bá ní òun ni olùtẹ̀jáde, tí ó tún ní kí ẹ san owó ẹ̀dà 1,000 tí òun fẹ́ tẹ̀, oníbàárà ni ó fi yín ṣe, ì báà fi orúkọ àjọṣepọ̀ bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi owó ara yín tẹ géèmù, ẹ lọ bá atẹ̀wé tààrà, kí ẹ gba iye lọ́wọ́ bíi mẹ́ta nínú wọn.

Abala tó burú jù nínú ìwé àdéhùn tí ẹni tí ń kọ lẹ́tà ìdíje yìí ń fi ránṣẹ́ fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀: gbogbo iṣẹ́ tó bá wọ ìdíje náà ti di ti alákòóso, yálà ó borí tàbí kò borí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ gidi tó bá fẹ́ràn géèmù yín lọ́la kò ní rí ohun kan rà lọ́wọ́ yín. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú wa. Elizabeth Magie, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí The Landlord's Game ní ọdún 1904, inú rẹ̀ sì ni Monopoly ti jáde. Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ géèmù Parker Brothers san $500 fún un, wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà lórí ẹ̀dà kankan tí wọ́n tà, nígbà tí Charles Darrow, tó gbé Monopoly tọ̀ wọ́n lọ, ń gba tirẹ̀ lórí títà. Magie tiẹ̀ rí $500 gbà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé tí mo ń sọ yìí ni yóò sanwó kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù pé ẹnì kan yóò jí iṣẹ́ wa ni ẹlẹ́tàn yìí fi ń ta ìforúkọsílẹ̀ fún wa lówó gọbọi. Lábẹ́ Òfin Copyright (ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ tó ṣe) ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ yín lórí ìwé òfin géèmù àti àwòrán rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, tí ẹ ti yà á. Ní ti èrò inú géèmù náà, orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, iléeṣẹ́ Copyright ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé òfin náà kò dáàbò bo ìyẹn, nítorí náà kò sí owó tí ẹ lè san fún oníṣòwò yìí tí yóò fi rà á fún yín.

Ìwé ìpè sí Essen tún ni èyí tó dùn mí jù, nítorí ẹlẹ́tàn yìí mọ bí físà ṣe le fún wa tó. SPIEL, ọjà géèmù ńlá tó máa ń wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni ló lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Olùhùmọ̀ tó bá fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, á fi ojú ewé kan tó ṣàlàyé géèmù náà mọ́ ọn, á sì gba àkókò ìpàdé. Wọn kì í gba owó ìjókòó.

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1999, tó sọ pé ẹni tí ń gba owó láti bá olùhùmọ̀ polówó ìhùmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún un, kí wọ́n tó ṣe àdéhùn, iye oníbàárà òun tó jèrè ju ohun tí wọ́n san lọ. Ibi yòówù kí ẹ máa gbé, ẹ béèrè iye yẹn lọ́wọ́ ẹni tó kọ lẹ́tà náà sí yín. Àwọn tó ti béèrè kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ má san òmíràn láti fi gba ti àkọ́kọ́ padà, nítorí lẹ́tà «owó ìdápadà» ni ó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ kàn sí báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ fi tó EFCC létí, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ fi tó FTC, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, létí. Ní Bìrìtìkó, bí ó bá jẹ́ káàdì ìyáwó ni ẹ fi san án, tí ohun tí ẹ rà lé ní £100 tí kò sì ju £30,000 lọ, abala 75 òfin ọdún 1974 lórí ọ̀rọ̀ ìyáwó fún yín láyè láti béèrè owó náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ káàdì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà, kí ó fi han lọ́yà kí ó tó gbé géèmù rẹ̀ lọ síbòmíràn, kí ó sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tuntun mọ̀ nípa ìwé náà ní ìpàdé àkọ́kọ́.