Àyẹ̀wò SAFe, Ìlànà Agile fún Iléeṣẹ́ Ńláńlá

Àwọn 17 tó fọwọ́ sí Àkọsílẹ̀ Agile (Agile Manifesto), ìyẹn ìwé tó gbé ìlànà kíkọ sọ́fítíwíà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe lemọ́lemọ́ kalẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001 kò sọ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yóò ṣe jọ kọ sọ́fítíwíà kan ṣoṣo. Àlàfo yìí ni SAFe (Scaled Agile Framework), tó jáde lọ́dún 2011, fẹ́ dí. Ó ń kó ẹgbẹ́ bíi mélòó kan jọ, ènìyàn 50 sí 125, wọn a sì jókòó fètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 tó ń bọ̀.

Ìpàdé ètò yìí ló wú mi lórí jù. Wọn a lẹ káàdì iṣẹ́ mọ́ pátákó, wọn a sì fi òwú pupa so iṣẹ́ tó bá gbára lé ti ẹgbẹ́ mìíràn, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe ojú ewé ìsanwó á rí i kedere pé tiwọn kò lè parí bí àwọn tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ oníbàárà kò bá tíì ṣe tán.

Àmọ́ oyè àti ìpàdé inú SAFe ti pọ̀ jù. Ọ̀gá tí kò fẹ́ fi àṣẹ sílẹ̀ lè kàn pa orúkọ ipò àtijọ́ dà, kó ní òun ti di oní-Agile. Fún iléeṣẹ́ tí kò ní ju ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ, LeSS (Large-Scale Scrum), ìlànà Agile mìíràn fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, tó ń lo ẹyọ olùdarí ọjà kan (product owner, ẹni tó ń pinnu iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú) fún gbogbo wọn, tẹ́ mi lọ́rùn ju SAFe lọ.