Búlọ́ọ̀kù àbí bíríkì yẹ̀pẹ̀ pupa: èwo ni kí ẹ fi kọ́lé?

Bíríkìlà tí ẹ bá pè n'Íbàdàn, búlọ́ọ̀kù nìkan ló máa dárúkọ. Èmi náà ti fi kọ́ yàrá méjì sẹ́yìnkùlé, mo tún fi ṣe fẹ́ǹsì. Ilé tí mo ń gbé báyìí, bíríkì yẹ̀pẹ̀ pupa ni: wọ́n po yẹ̀pẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í sun ún níná.

Ẹ jẹ́ n tètè dé ibi tó dùn mí. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 bíi 30 ló yẹ kó jáde níbẹ̀. Àwọn tí mo rà lọ́wọ́ wọn lẹ́bàá títì nà án kọjá 50. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Òjò òru kan rọ̀ lóṣù Okúdù, ọ̀gbàrá tì í, fẹ́ǹsì mi sùn sílẹ̀ gbalaja. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi èékánná ha èyí tó ṣì dúró, yanrìn ń dà bíi gàrí. Fẹ́ǹsì kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù méjì-mẹ́ta dé àyà, kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá fọ́ yángá, ẹ máa lọ. Tẹ́ni tó ń tà á ò bá gbà kẹ́ ẹ jù ú, ẹ máa lọ náà ni.

Bíríkì ní àrùn tiẹ̀. Èyí tí amọ̀ bá pọ̀ jù nínú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ máa ń sán. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò, ẹ bomi sí i, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: yanrìn á sọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ á jókòó lé e, ẹ ó sì rí i bóyá amọ̀ ló pọ̀ jù. Tí wọ́n bá tẹ bíríkì tán, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ọjọ́ ti pẹ́ tí NBRRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìkọ́lé l'Ọ́tà, ti ń polówó ẹ̀, síbẹ̀ bíríkìlà tó mọ̀ ọ́n tò ṣọ̀wọ́n.

Owó: bíríkì tó ń wọnú ara wọn kì í gba sìmẹ́ǹtì láàárín, kò sì di dandan kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ.

Omíyalé: ti oṣù Ògún 2011 n'Íbàdàn ò mọ búlọ́ọ̀kù yàtọ̀ sí bíríkì. Ẹ má kọ́lé sójú ọ̀nà odò.

Méjèèjì ló dáa lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìpìlẹ̀, àti ibi tí ilẹ̀ ti ń sun omi, búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ lò. Ooru ńkọ́? Àbúrò mi ló ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé yẹn. Láti Èrèlé títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, pálọ̀ mi ló ń sùn.