Ẹ̀rọ Mọnogíráàmù tí Ìjọba Bá Wa Rà ní Iléṣà: Ẹ̀rọ Dé, Férémù Ò Dé

Kí wọ́n tó gé okùn ara páálí ni wọ́n ti ní ká buwọ́ lùwé pé ẹ̀rọ pé. Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. Wọ́n tò wá sí gbọ̀ngàn, ayàwòrán ń yà wá, ọ̀gá kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n kọjú sí kámẹ́rà. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí a gbé ẹ̀rọ dé ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèsà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tú páálí ni a rí i pé férémù kékeré nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ńlá ò sí. Ti fìlà ò sí.

Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè ní kí ni férémù já mọ́. Ẹ̀rọ mọnogíráàmù oníkọ̀ǹpútà ló ń fi òwú ya iṣẹ́ sára aṣọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lójú kan. Férémù tó di aṣọ mú ló ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Bí férémù bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣe máa tóbi tó. Èyí tí wọ́n fún mi tó fún báàjì àyà yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Àyà agbádá ò lè gbà sínú rẹ̀ láéláé. Bí o bá fẹ́ fi tipátipá ṣe é, o ó gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, o ó tú aṣọ, o ó tún un dè, bí ìdè kejì bá sì fi bíńtín yẹ̀ kúrò lójú ti àkọ́kọ́, ìlà ò ní bá ìlà pàdé mọ́, o ti jẹ gbèsè aṣọ aláṣọ nìyẹn. Nílùú yìí, agbádá òkú àti ti ìgbéyàwó ni owó iṣẹ́ wa wà. Kì í ṣe báàjì.

N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Ètò wọn dára lórí ìwé: ìjọba san apá kan nínú owó ẹ̀rọ, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń san ìyókù lóṣooṣù, wọ́n sì dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn èyí ju owó ọwọ́ lọ, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Nínú Survival Fund, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, ₦30,000 ni tiwa oníṣẹ́ ọwọ́. Lọ́dún 2024 wọ́n tún pín ₦50,000 fún àwọn oníṣòwò tó kéré jù, wọ́n sì gbé ẹ̀yáwó tó tó mílíọ̀nù kan náírà kalẹ̀ ní èlé 9% lọ́dún, Bank of Industry ló bójú tó o. Ẹni tó rí i gbà, Ọlọ́run bù sí i. Ṣùgbọ́n ₦50,000 tó bá bọ́ sọ́wọ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé sí táàmù tuntun, owó iléèwé ni. Ẹ̀rọ ò ṣe é fi san owó iléèwé. Ó máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìforúkọsílẹ̀ ò le: NIN, BVN, ìwé CAC. Kìkì pé obìnrin tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí ọ̀kan tí orúkọ ọkọ wà lórí èkejì kó tètè lọ tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa há sí.

Mo padà lọ bá wọn nítorí férémù. Ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ṣí rẹ́jísítà, ó fi ìka tọ orúkọ mi.

"Mọ́mì, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

Mo ní ọwọ́ mi ni.

"Ẹ ka ohun tó wà lókè rẹ̀ fún mi."

Mo kà á: ẹ̀rọ kan pẹ̀lú gbogbo ohun èlò rẹ̀.

"Ó ti parí nìyẹn, Mọ́mì."

Mo ní, "Ọmọ mi, páálí ṣì wà ní dídì nígbà tí ẹ ní ká buwọ́ lù ú." Ó ní gbogbo èèyàn ló buwọ́ lù ú, pé èmi nìkan ló ń ṣàròyé. Aránṣọ kan láti Ìjòkà sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, férémù ló gbé òun náà wá! Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i." Ọkùnrin náà pa rẹ́jísítà dé, ó ní ká lọ rí àwọn tó rà á.

Àwọn tó rà á ní kọntirakítọ̀ ni. Kọntirakítọ̀ sọ lórí fóònù pé ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún òun lòun kó wá. Mo wá ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn mí, kí n rí i bóyá wọ́n kọ férémù ńlá síbẹ̀. Arábìnrin tó wà ní tábìlì náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ìwé ìjọba ni, kì í ṣe fún gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ sókè. Owó mi wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó ń sanwó ohun kan lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ohun tó ń sanwó fún, ìbáà jẹ́ ìjọba ló san èyí tó pọ̀ jù.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ìwé gbèsè ò dúró de férémù. Àtẹ̀jíṣẹ́ owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé sórí fóònù mi nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì pa kọ́bọ̀. Ìjẹ̀ṣà kì í sá fún gbèsè. Àwọn òṣómàáló tó jẹ́ bàbá wa, aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri ìlú, bí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn kì í kúrò níwájú ilé onígbèsè. Ṣùgbọ́n odindi aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un!

Mo ti ń wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi nígbà tí olùkọ́ wa yà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin kékeré ni, ọ̀kan nínú àwọn tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn. Owó ara rẹ̀ ló fi wọkọ̀ wá. Kò ṣèlérí férémù, kò sì bá mi bú ẹnikẹ́ni. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé iṣẹ́ ọrùn agbádá kan síta, ó sì fi hàn wá ibi tó yẹ ká ti gé e: kì í ṣe àárín òdòdó, bí kò ṣe ibi tí ọwọ́ kan parí tí òmíràn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gún àmì àgbélébùú kéékèèké sí ìparí apá kọ̀ọ̀kan, pé bí a bá tún aṣọ dè, orí àmì yẹn ni ká gbé abẹ́rẹ́ lé kó tó bẹ̀rẹ̀. A gbìyànjú rẹ̀ lórí àkísà. Ìlà pàdé ìlà. Mo pariwo!

Kò tíì lọ. Ó jókòó ti ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, ó ń kọ́ ọ pé àwòrán lásán kọ́ ni ẹ̀rọ ń kà. Èèyàn ló máa sọ fún un apá ibi tí òwú yóò kọjú sí, bí yóò ṣe kún tó, èwo ló máa ṣáájú. Gínì gba òwú tó kún. Aṣọ òkè máa ń là, ó fẹ́ sítéè, aṣọ líle tí a ń tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́, ní ìlọ́po méjì. Ọmọ yẹn ò kàwé kọjá SS3. Òun ló ń ya iṣẹ́ fún wa báyìí, tó ń gbé e sórí fíláàṣì bíi DST, irú fáìlì tí ẹ̀rọ mọnogíráàmù ń kà. Òṣogbo la ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀, tí a ń sanwó iṣẹ́, tí a tún ń sanwó ọkọ̀. Owó yẹn ti dúró sílé.

Férémù ńlá padà dé nígbà tí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí gbogbo wa buwọ́ lù. Ti fìlà ò tíì dé. Ètò iná ò sí nínú rẹ̀ rárá: ẹ̀rọ rántí ibi tó dé bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ nìyí. Mo pe olùkọ́ náà láìpẹ́, ó ní iṣẹ́ òun níbẹ̀ ti parí, pé owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀, kò sí owó àbẹ̀wò. Àbẹ̀wò yẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rọ mi ṣiṣẹ́. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí irú ẹ̀rọ kan náà wà tí wọ́n fi aṣọ bò ó, torí pé ẹnikẹ́ni ò yà síbẹ̀. Ní tòsí wa níbí, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, ni NACETEM wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ìwádìí lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ọgbọ́n tuntun jẹ́ iṣẹ́ wọn. Kí ìjọba rán irú wọn sí wa lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n ka ẹ̀rọ tó ń ránṣọ, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n pín. Kí wọ́n sì dín owó gbọ̀ngàn àti ti ayàwòrán kù, kí wọ́n fi gba olùkọ́ tó máa ń yà kiri ṣọ́ọ̀bù.

Mo fún ètò yìí ní 4 nínú 5. Ọkọ mi ní 2 ló yẹ kó gbà. Òun kọ́ ló ń ka owó ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá tún gba orúkọ, n ó fi tèmi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ wífìn ńlá, èyí tó ń dí etí aṣọ kó má bàa tú.