Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta tí mo rà kí n tó rí èyí tó bá omi Àbújá mu

Orí ọ̀pá ìwọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà ṣì wà nísàlẹ̀ adágún omi Jabi, ní Àbújá, títí di òní. Àárọ̀ Sátidé kan ni, oòrùn ò tíì mú. Mo rí i tí omi ń hó níwájú, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo ju ìwọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Òjé lọ, ìwọ̀ lọ, abala méjì tó kángun sí orí ọ̀pá náà bá wọn lọ. Àwọn ọmọ Haúsá méjì tó ń fi igi ọparun pẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Epìyà mọ́kànlá ni wọ́n gbé lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi gbé ìdí ọ̀pá lọ.

Ọmọ Ìkìrun ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Kúbwà, n kì í ṣe ọmọ apẹja. Dókítà ló ní kí n wá ohun tí yóò máa gbé mi kúrò nídìí kọ̀ǹpútà lópin ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi rò pé màá máa rìn káàkiri àdúgbò ni. Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ báyìí tí mo ti ń ju ìwọ̀ sí Jabi, ìgbà mẹ́rin ni mo sì ti dé Izom ní Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí odò Gurara ti gba abẹ́ afárá kọjá. Owó tí mo fi kọ́gbọ́n kò kéré, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀pá tó já yẹn. Irú èyí tí abala rẹ̀ ń wọnú ara wọn bí eriali rédíò àtijọ́ ni. Ọjà ni mo ti rà á, ₦18,000: ọ̀pá, ríìlì, okùn, ogún ìwọ̀, ẹja oníke mẹ́ta tó ń dán yanran, gbogbo rẹ̀ nínú báàgì kan ṣoṣo. Ohun méjì ló fà mí. Wọ́n kọ 3.6 mítà sára ọ̀pá, mo rò pé bó bá ṣe gùn tó ni ìwọ̀ yóò ṣe jìnnà tó. Wọ́n tún kọ 13 BB sára ríìlì, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù béárìn mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́tàlá! Mo ní márùn-ún ni ti ẹlòmíràn.

Àṣé iye béárìn kì í sọ bóyá ríìlì dára. Mẹ́rin tó dáa sàn ju mẹ́tàlá tí wọ́n fi irin játijàti ṣe. Ẹ di ara ríìlì mú lọ́wọ́ kan, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mi apá tí a fi ń wà á. Bó bá ń mì jọ̀wọ̀lọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dáa yóò máa lọ geere. Èmi, bí ẹni ń lọ àgbàdo gbígbẹ ni tèmi ń dún, mo rò pé bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn.

Ní ti ọ̀pá eriali, kò sí ohun tó di abala kan mọ́ èkejì ju pé ó há lọ. Bí iyanrìn bá wọ ojú rẹ̀, kò ní há dáadáa mọ́. Àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn ni. Bí ọ̀kan bá yí díẹ̀, okùn á máa ha ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jù ú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe èyí tó dáa fún arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ₦18,000 kọ́ ni wọ́n ń tà á pẹ̀lú ríìlì àti ẹja oníke.

Okùn inú báàgì náà ńkọ́? Ó ti gbó kí n tó rà á. Okùn rọ́bà tó mọ́ gaara ni, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ń lò, oòrùn sì máa ń bà á jẹ́. Ẹ wo iye oṣù tó ti lò níwájú ìsọ̀ nínú oòrùn Àbújá. Láti ìgbà náà, kí n tó sanwó okùn, mo máa ń ta á ní kókó, kí n fa á. Bó bá já fẹ́lẹ́, mo ti kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Kí n tó gbàgbé, oṣù kan gbáko ni mo fi gbé ríìlì sórí ọ̀pá, tó ń wo ojú ọ̀run. Irú ríìlì tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ yìí, abẹ́ ọ̀pá ló ń gbé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ẹni tó wá sọ fún mi ni ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ sójú ọ̀sà láti kékeré. Ṣùgbọ́n kí èmi àti ẹ̀gbọ́n yìí tó mọra, mo ti tún náwó lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan ń jápa lọ sí Kánádà, ó ń ta ẹrù rẹ̀, ọ̀pá ìwọ̀ kan wà níbẹ̀ tó le bí ọ̀pá olùṣọ́, pẹ̀lú ríìlì ńlá tí wọ́n kọ 6000 sí lára. Ojúlówó ni, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Mo gbé e dé Jabi, mo so ìwọ̀ kékeré àti òjé tí kò wúwo ju ẹyọ owó lọ mọ́ ọn. Mo jù ú. Ó balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi. Mo tún un jù, ibẹ̀ náà ló balẹ̀. Epìyà ń jẹ ekòló orí ìwọ̀ tán, n kò mọ̀ ọ́n lára, àfi bí mo bá fà á jáde tí mo rí i pé ìwọ̀ ti dòfo. Lẹ́yìn wákàtí méjì, èjìká mi ń ro mí bí ẹni gún iyán ìgbéyàwó.

Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀pá náà lọ́jọ́ tí mo mú un hàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àbúrò, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ta ló ní kí o gbé okùn tí wọ́n fi ń so màlúù wá mú epìyà?”

Wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kan hàn mí lókè ibi tí a ti ń di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá gidi ló ní in, èmi ò sì kà á rí. UL ni èyí tó rọ̀ jù lọ, L tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ML, M, MH, títí dé H tó le koránkorán. Tèmi jẹ́ H. Agbára ọ̀pá ni lẹ́tà yìí ń sọ. Wọ́n á tún kọ ìwọ̀n okùn tó lè gbà àti ìwọ̀n ìdẹ tó lè jù. Ohun tó ń ju ìdẹ ni títẹ̀ tí ọ̀pá ń tẹ̀ sẹ́yìn tó sì ń ta padà. Bí ìdẹ bá fúyẹ́ ju ohun tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ, kò ní rí agbára kankan ta. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òjé mi fi ń balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ èyí: ibi tí ọ̀pá ti ń tẹ̀. Bí wọ́n bá kọ Fast, orí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, ẹ ó tètè mọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹja bá fọwọ́ kan ìdẹ. Bó bá jẹ́ Moderate, yóò tẹ̀ dé àárín. Ìyẹn dáa fún ẹni tó máa ń fa ẹja tagbáratagbára, nítorí ọ̀pá yóò gba díẹ̀ lára ìjà náà, ẹnu ẹja kò ní fàya.

Ẹ̀kẹta ni mo wá fẹ́ yìn. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston ló rà á wá, àpapọ̀ ọ̀pá àti ríìlì kò sì tó 100 dọ́là. Ọ̀pá náà ni Ugly Stik GX2, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ààbọ̀, bíi mítà méjì, agbára M, okùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ 6 títí dé 15 pọ́n-ùn. Láti 1976 ni orúkọ yẹn ti wà lọ́jà. Ìyàwó mi bèèrè ìdí tí wọ́n fi pe nǹkan tí wọ́n fẹ́ tà ní òbùrẹ́wà. N kò ní èsì. Fáíbà tí wọ́n pò mọ́ kábọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Kábọ̀n lásán fúyẹ́ jù, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ tètè mọ nǹkan, ṣùgbọ́n bó bá forí gbá òkúta tàbí tí ilẹ̀kùn mọ́tò pa á mọ́, ó lè ṣẹ́. Irú àdàpọ̀ yìí wúwo díẹ̀ sí i, ó sì ń fara da ìyà. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, mọ́tò mi kéré. Mo yan èyí tó ń fara da ìyà.

Abala méjì ló ní, tí a ń kì bọnú ara wọn. Páìpù omi oníke ni àbúrò mi fi sí kó má bàa ṣẹ́ lọ́nà, ni wọ́n bá dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú pé kí ló wà nínú páìpù. Ó ní ọ̀pá ẹ̀gbọ́n òun ni. Wọ́n ní ṣé ẹ̀gbọ́n náà yarọ ni.

Ríìlì náà ni Shimano Sienna, 2500. Ẹni tó bá ti tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe rí yóò mọ orúkọ yẹn. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Sakai, ní Jàpáánì, lọ́dún 1921. 1970 ni wọ́n tó kó sídìí ohun ìpẹja. 2500 yìí ń sọ bí ríìlì ṣe tóbi tó, òun ló sì bá ọ̀pá M mu. Mo gbé méjèèjì lé ìka kan níwájú ríìlì, ó dúró gbọnrangandan, kò wó síwájú, kò wó sẹ́yìn. Mo tún tú apá tí a fi ń wà á, mo gbé e sọ́wọ́ òsì, kí ọ̀tún mi tó lágbára lè máa di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ ríìlì irú èyí ló ń gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni bíréèkì rẹ̀, nọ́ọ̀bù tó wà níwájú bọ́bìnì okùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹja ńlá bá fà, kí okùn máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ kó má bàa já. Bí a bá dè é pa, okùn á já. Bí a bá tú u sílẹ̀ jù, ìwọ̀ kò ní kọ́ ẹja lẹ́nu. Àwọn apẹja máa ń fi í sí ìdámẹ́rin tàbí ìdámẹ́ta agbára okùn. Okùn tí mo ń lò jẹ́ 10 pọ́n-ùn, bíi kílò mẹ́rin ààbọ̀, ìdámẹ́ta rẹ̀ jẹ́ kílò kan ààbọ̀. N kò ní òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, ìyẹn ààbọ̀ kílò. Mo kó mẹ́ta sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ okùn tó ti inú ríìlì jáde láìgba inú òrùka ọ̀pá, mo gbé ríìlì sókè. Mo dè é díẹ̀díẹ̀ títí bíréèkì fi ń gbé omi náà dúró, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ọwọ́ fà á díẹ̀, okùn á tú jáde. Ó tán. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, ẹ lo méjì.

Izom ni mo ti rí èrè ìyẹn. Àrọ̀ kan gbé ìdẹ mi nísàlẹ̀ afárá, ó dorí kọ ìsàlẹ̀ odò, ríìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kírrrr, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bàbá Núpé kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe létí odò ń ké sí mi pé “A hankali! A hankali!”, ìyẹn ni pé kí n rọra. Mo rọra. Nígbà tó bá fà, mo jẹ́ kó fà. Nígbà tó bá sinmi, mo gbé ọ̀pá sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo ká èyí tó dẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Kílò márùn-ún dín díẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran, ó ju agbára okùn mi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ẹja mìíràn já ìwọ̀ mi lọ bí ẹni fi abẹ gé e. Bàbá náà fi ìka ṣe eyín ṣóńṣó hàn mí: irú ẹja yẹn, àfi kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín ìwọ̀ àti okùn.

(Ẹ má dá lọ síbẹ̀ o, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ ojú ọ̀nà bí ìlú ṣe rí lọ́sẹ̀ náà.)

Mo yá ríìlì pẹlẹbẹ ti ẹ̀gbọ́n lò lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń gbé orí ọ̀pá lóòótọ́, tí àtàǹpàkò ń ṣọ́ bọ́bìnì rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo jù ú, ìdẹ ti balẹ̀, bọ́bìnì ò dúró, okùn takókó bí irun dàda. Mo fi abẹ gé e kúrò. Mo ra okùn híhun náà wò, èyí tí kì í fà bíi rọ́bà: ó tín-ín-rín, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lórí bọ́bìnì bí a kò bá kọ́kọ́ yí okùn rọ́bà díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì gé mi níka. Rọ́bà tó mi.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ tèmi. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo gbé ríìlì náà sí bútù mọ́tò fún oṣù méjì láìfi nǹkan bò ó, bíréèkì rẹ̀ sì wà ní dídè. Nígbà tí mo padà dé odò, eruku ti dá a le. Ẹ̀gbọ́n tú u, wọ́n nù ún, wọ́n kán epo sí i, wọ́n sì bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Láti ìgbà náà mo ń tú bíréèkì sílẹ̀ kí n tó gbé e pamọ́, inú báàgì aṣọ ló sì ń sùn. Mo tún ń fi ọwọ́ pa wáyà orí ríìlì dé lẹ́yìn tí mo bá ju ìwọ̀, dípò kí n kàn wà á. Okùn mi kì í lọ́ mọ́.

Bí òjò bá sì ń ṣú, ẹ ká okùn kí ẹ máa lọ. Kábọ̀n ń gbé iná, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe gbé ọ̀pá nàró kọjá lábẹ́ wáyà iná.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Jabi: ọ̀pá abala méjì, ML tàbí M, ríìlì 2500, okùn tuntun 8 tàbí 10 pọ́n-ùn tí wọ́n ká kó ku bíi mílímítà méjì kó kún bọ́bìnì, ìwọ̀ nọ́ńbà 10. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ níbẹ̀, ìwọ̀ tó kéré ni, ẹnu epìyà ò sì fẹ̀. Ẹ mú òwú dání lọ sí ìsọ̀, kí ẹ fi ra inú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti fa òwú ni yóò gé okùn yín.

Ọ̀pá H ọ̀rẹ́ mi ṣì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí ọjọ́ tí màá rí ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa. Ìdí ọ̀pá eriali tó kù, àwọn ọmọ mi ti so wáyà mọ́ orí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń já máńgòrò.