Assegai, Minion DHF, Magic Mary àti Kryptotal: táyà wo nínú wọn ni kí ẹ fi síwájú kẹ̀kẹ́ yín?

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra táyà kẹ̀kẹ́ orí òkè, eyín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ó ga, ṣé ó fún mọ́ra, ṣé ó jìnnà síra. Eyín ní iṣẹ́ tiẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó gba owó lọ́wọ́ yín. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe táyà ló ń di gbòǹgbò àti òkúta tútù mú. Lẹ́yìn rọ́bà ni ara táyà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n hun sábẹ́ rẹ̀, kó tó wá kan iye afẹ́fẹ́ tí ẹ bá fi sí i. Táyà méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí eyín wọn rí bákan náà, kí ọ̀kan gbé yín kọjá lórí gbòǹgbò tí òjò pa, kí èkejì sì là yín mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ọ̀rọ̀ yẹn kí wọ́n tó sanwó, ó sì ń dùn mí.

Táyà iwájú ni mò ń fi wéra níbí. Ti ẹ̀yìn lè yọ̀ kí ẹ ṣì dúró lórí kẹ̀kẹ́. Bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ lẹ máa bá ara yín. Surrey Hills, ní gúúsù London, ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ jù. Ní agbègbè Leith Hill, tó ga tó mítà 294, iyanrìn àti gbòǹgbò igi páìnì ló pọ̀. Ẹ lọ díẹ̀ sí àríwá, sí North Downs, ilẹ̀ ẹfun lẹ máa bá níbẹ̀, bí òjò bá sì ti kàn án, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tó bá ń wá òkúta mímú, kó lọ sí BikePark Wales ní Merthyr Tydfil, tí wọ́n ṣí ní 2013. Ilẹ̀ mẹ́ta yìí kì í fẹ́ táyà kan náà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè dán táyà wò fúnra yín. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀: kẹ̀kẹ́ kan náà, ríìmù kan náà, ọ̀nà kan náà, ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi géèjì tó péye wọn afẹ́fẹ́, ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ gun táyà àkọ́kọ́, ẹ gun èkejì, kí ẹ tún padà sí àkọ́kọ́. Ìdí ni pé bí ẹ bá ṣe ń gun ọ̀nà kan lẹ̀ ń mọ̀ ọ́n sí i. Bí táyà àkọ́kọ́ bá sáré sí i nígbà tí ẹ padà sórí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ti mọ ọ̀nà, táyà ò yí padà. Ẹ gun táyà tuntun díẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí pé ojú rẹ̀ ṣì máa ń dán láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ṣọ́ ojú ọjọ́ pẹ̀lú, nítorí òtútù máa ń mú kí rọ́bà le.

Ibi tí mo máa ń wò jù ni gbòǹgbò tútù tó fì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá. Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kí táyà gùn ún fúnra rẹ̀. Táyà tí rọ́bà rẹ̀ le á ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò náà ní ìwọ̀n ìka mélòó kan kó tó rí ilẹ̀ dì mú, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ yín. Táyà tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ á tẹ̀, á dì í, á kọjá. Kódà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi èékánná tẹ eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò, rọ́bà tó lọ́ra nìyẹn, kì í sì í ta kúrò lórí òkúta. Nọ́ńbà Shore A tí àwọn kan ń polówó, tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré ni rọ́bà ṣe rọ̀, kò sọ bí rọ́bà ṣe ń yára padà. Èékánná yín á sọ ọ́.

Ó wá kan àwọn táyà náà. Maxxis Assegai ni mo fi ṣáájú. Ilé iṣẹ́ Taiwan ló ni orúkọ Maxxis, Greg Minnaar ọmọ South Africa, tó ti jẹ́ olúborí àgbáyé nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ òkè lẹ́ẹ̀mẹrin, ló sì bá wọn ṣe táyà yìí. Láàárín eyín àárín àti eyín ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi eyín mìíràn dí àlàfo. Nítorí náà, láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ wà ní ìdúró títí di ìgbà tó fì dáadáa nínú kọ́nà, kò sí àkókò tí táyà ò ní ohun tó dì mú. Èyí tí wọ́n kọ MaxxGrip, orúkọ rọ́bà Maxxis tó rọ̀ jù, sí lára ni kí ẹ rà fún iwájú. Lórí gbòǹgbò Leith Hill lásìkò òjò, nínú gbogbo táyà tí mo dárúkọ níbí, òun ló fọkàn mi balẹ̀ jù. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wúwo lẹ́sẹ̀, ẹ̀ẹ́ gun òkè títí á sú yín, eyín rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Ẹ má torí owó ra Assegai tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ Dual, èyí tó le. Eyín tó ń fà yín sẹ́yìn lẹ máa rà, ẹ ò sì ní rí rọ́bà tó tọ́ sí i.

Minion DHF, ti Maxxis náà ni, ó sì ti wà ṣáájú Assegai tipẹ́. Ọ̀nà gbọọrọ kan là á láàárín, eyín àárín lọ́tọ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ fì gan-an nínú kọ́nà máa gbádùn rẹ̀, torí eyín ẹ̀gbẹ́ yẹn á gba ilẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹni tó ṣì ń bẹ̀rù tí kì í fì tó máa dúró sórí àlàfo yẹn, á máa rò pé táyà ò dára. Ó yára ju Assegai lọ, fún ilẹ̀ gbígbẹ tó le, MaxxTerra, rọ́bà tó wà láàárín Dual àti MaxxGrip, tó fún un.

Bí ẹrẹ̀ bá ni ìṣòro yín, ẹ má wulẹ̀ ronú púpọ̀: Schwalbe Magic Mary, ti Jámánì. Eyín rẹ̀ ga, ó jìnnà síra, ẹrẹ̀ kì í pẹ́ lára rẹ̀ kó tó já bọ́. Ilẹ̀ ẹfun North Downs lásìkò òtútù, òun ni mo máa gbé. Lórí ilẹ̀ líle, eyín gíga yẹn ń tẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa ṣe yín bíi pé ó ń fì. Lára àwọn tí kì í ṣe Radial, oríṣi tuntun tí mò ń bọ̀ wá sọ, ìlà àwọ̀ ló ń sọ rọ́bà: àwọ̀ àlùkò ni Ultra Soft tó rọ̀ jù, ọsàn ni Soft tó tẹ̀ lé e, búlúù ni Speedgrip tó le ju méjèèjì lọ. Ní 2024 ni Schwalbe gbé Radial jáde, tí wọ́n yí bí òwú inú táyà ṣe dùbúlẹ̀ padà kí ara táyà lè máa tẹ̀ sórí ohun tó bá bá pàdé. Wọ́n ní ojú tó ń kan ilẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lórí gbòǹgbò àti òkúta wẹ́wẹ́, mo gbà fún wọn. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní láti pọ̀ ju ti táyà àtijọ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa rọ̀ lábẹ́ yín nínú kọ́nà.

Continental Kryptotal jáde ní 2022. Wọ́n ṣe é ní oríṣi méjì, Fr fún iwájú, Re fún ẹ̀yìn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n má fi Re lé yín lọ́wọ́. Fr tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ Soft, tí ara rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Enduro, ni èyí tí mo máa gbà nímọ̀ràn fún ẹni tó ń gun ilẹ̀ oríṣiríṣi tí kò sì fẹ́ máa pààrọ̀ táyà. Kò di gbòǹgbò tútù mú tó Assegai MaxxGrip, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi gun òkè jù ú lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà: Argotal fún ilẹ̀ rírọ̀, Hydrotal fún òjò àti ẹrẹ̀, Xynotal fún ilẹ̀ gbígbẹ.

Ní ti ara táyà, EXO ti Maxxis fẹ́lẹ́, ó tó fún Surrey. Fún Wales, ó kéré tán EXO+, ẹni tó bá wúwo tàbí tó ń fò kó ra DoubleDown, bí ó tilẹ̀ wúwo. Táyà tó nípọn ń jẹ́ kí ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù láìsí ihò, afẹ́fẹ́ tó dín ló sì ń jẹ́ kí táyà tẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 80, tí kò lo tíúbù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) 23 níwájú àti 26 lẹ́yìn. Ẹ máa dín psi kan kù lẹ́ẹ̀kan títí ríìmù á fi kan òkúta tàbí tí ara táyà á fi máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà, kí ẹ wá dá méjì padà. Bí wọ́n bá kọ WT sí ara Maxxis, ríìmù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 30 sí 35 ni wọ́n ṣe é fún, ẹ wọn tiyín kí ẹ tó rà.

Bí owó táyà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, ti iwájú ni kí ẹ rà, kí rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Bí eyín táyà iwájú àtijọ́ bá ṣì dúró dáadáa, ẹ gbé e sẹ́yìn. Bó bá ti jẹ tán, Kryptotal Re tàbí Minion DHR II ti Maxxis, tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ MaxxTerra, máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn, torí pé ẹ̀yìn ló ń ru ìwúwo yín, rọ́bà rírọ̀ ò sì ní pẹ́ níbẹ̀.