Bátìrì kejì nínú búùtù fún káráfáànù wa: iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n riwáyà kan ní Kent

Kí n tètè dájọ́ ná, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò ní kà á délẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n riwáyà kan ṣe fún wa, bátìrì kejì tí wọ́n dè sínú búùtù ọkọ̀ wa kó máa fún káráfáànù ní iná, dáa, owó ẹ̀ ga, mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí o, torí mo ṣì máa ráhùn díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ nọ́mbà wọn kó bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, Ládípọ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ riwáyà kí wọ́n tó dé ìlú ọba, inú ọkọ̀ van wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ilé oníbàárà ni wọ́n máa ń bá a.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, káráfáànù ni ilé kékeré onítáyà tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ tí ooru bá ti yọjú, wọ́n á fà á lọ sí Devon, wọ́n á fà á lọ sí Wales, òjò á sì pa wọ́n níbẹ̀. Àwa náà ti kó sí i. Láti December 2021 ni ìjọba ti ní ẹni tó ṣe tẹ́ẹ̀sì láti 1997 síwájú lè fa nǹkan tó wúwo tó 3,500 kílò láì tún ṣe tẹ́ẹ̀sì míì, ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ pé ibí la ti gba láísẹ́ńsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ iná ti wọ̀ ọ́ ni pé sáìtì ńláńlá tí wọ́n ń gbé káráfáànù dúró sí ní hook-up, ìyẹn ojú iná fún káráfáànù, ẹ ki plug búlúù 16 amp bọ̀ ọ́, ó parí, ilé lẹ wà, ṣùgbọ́n àwa ò fẹ́ràn sáìtì ńláńlá, ariwo pọ̀ níbẹ̀, owó wọn náà sì ń ga sí i. Èyí tá a fẹ́ràn ni àwọn tí Caravan and Motorhome Club, ẹgbẹ́ àwọn oníkáráfáànù, ń pè ní CL (Certificated Location), oko àgbẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan, káráfáànù márùn-ún péré ni wọ́n gbà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní iná kankan.

Kí ló dé tá ò gbé bátìrì sínú káráfáànù fúnra ẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe? Ìwúwo ni. Ẹrù tí òfin gbà pé ká kó sínú káráfáànù ò pọ̀ rárá, ìyá àwọn ọmọ sì ti fi ìkòkò, gààrí àti àpò ìrẹsì kún un, tẹ́ ẹ bá wá tún gbé bátìrì sí iwájú ẹ̀, imú ẹ̀ á tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí kejì ni pé kì í ṣe káráfáànù nìkan la fẹ́ fi ṣe. Tá a bá ń gbé oúnjẹ lọ òde ní Manchester, fírísà kékeré inú búùtù ló ń gbé ẹja àti small chops débẹ̀ láì yọ́, ẹni tó bá ti gbé cooler oníyìnyín rìn láàárín go-slow M6 á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọkùnrin ibẹ̀ ò tiẹ̀ bèèrè ọdún tí ọkọ̀ mi jáde, rílè (relay), suíìṣì tó ń dá so bátìrì méjì pọ̀ tó sì ń dá já wọn, ló sáà ń pè, rílè kan, wáyà kan, 120 pọ́n-ùn, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀, mi ò padà débẹ̀ dòní. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nítorí ibí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ọkọ̀ àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, á máa tú nǹkan bíi 14.2 sí 14.4 fólìtì jáde, kì í kúrò níbẹ̀. Rílè tó ń wo fólìtì á rí i pé ó ti kọjá 13.3, á so bátìrì iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀, tó bá jábọ̀ sí 12.8 á já wọn, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí fíríìjì fa bátìrì tẹ́ ẹ fi ń ta ọkọ̀ gbẹ. Ó dáa fún ọkọ̀ ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Euro 6, ìlànà èéfín ọkọ̀ ti Yúróòpù tó di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun láti September 2015, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún alternator ọ̀pọ̀ nínú wọn kí epo má baà lọ jù, tó bá rò pé bátìrì iwájú ti yó á fà á wálẹ̀ sí 12.5, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí accelerator lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á sọ ọ́ sókè dé 15. Rílè á wá máa so, á máa já, á máa so, á máa já, ẹ ó wakọ̀ dé Cornwall, bátìrì ẹ̀yìn ò ní tíì dé ìdajì. Tèmi jáde ní 2017, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Ohun tó mú kí n gbé iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú nìyẹn. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi mítà sórí bátìrì, wọ́n ní kí n ta ọkọ̀, kí n wà á yí àdúgbò ká, àwọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wáyà mítà gba ojú wíńdò wọlé, wọ́n ń wo bí nọ́mbà ṣe ń lọ sókè sódò. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, rílè ò lè ṣe èyí, DC-DC lo máa rà."

DC-DC ni ṣájà tó máa ń jókòó láàárín bátìrì méjèèjì, ohun yòówù tí alternator bá fún un, ìbáà jẹ́ 12.5 ìbáà jẹ́ 15, iye tí bátìrì ẹ̀yìn fẹ́ gan-an ló máa tú jáde fún un. Èyí tí wọ́n dè fún wa ni Victron Orion-Tr Smart 12/12-30, páálí búlúù kékeré, iléeṣẹ́ Netherlands ló ń ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe solar ní Èkó ti mọ àwọ̀ búlúù yẹn dáadáa. 30 amp ló ń gbé, Bluetooth wà nínú ẹ̀, mo lè jókòó nínú káráfáànù kí n fi fóònù wo ohun tó ń ṣe, ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń yan irú bátìrì tó ní. Kò ní fáànù nínú, ara irin ẹ̀ ló fi ń tu ara ẹ̀ lára, nítorí náà ó fẹ́ àyè tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má fi sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì o. Orion XS tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ẹ̀ ń gbé 50 amp, ooru ẹ̀ ò sì tó ti èyí, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ kọjá ohun tí mo mú dání. Wọ́n fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá sí ara ẹ̀ kó lè jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni á máa ṣáàjì, mo fẹ́ràn ìyẹn ju kó máa fi fólìtì mefò lọ.

Wáyà gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé wáyà 6mm² ò tó, torí mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé owó ẹ̀ kéré. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ki 30 amp gba inú 6mm² láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, tí bátìrì àti búùtù bá jìnnà síra tó mítà márùn-ún, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ ti di mítà mẹ́wàá, fólìtì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ti sọnù sójú ọ̀nà kó tó débẹ̀, ṣe lò ń fi straw fa ògì. 16mm² ni wọ́n fà, ìdá kan nínú mẹ́ta fólìtì péré ló ń jẹ. Fíúsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì iwájú, fíúsì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀yìn, torí orí méjèèjì wáyà yẹn ló ní iná lára, tí irin bá gé e láàárín, ibi méjèèjì ni iná á ti máa tú sí i, fíúsì apá kan ò lè gbà yín. Àwọn tó ń ṣe é lówó pọ́ọ́kú, fíúsì ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ìṣirò.

Nǹkan míì tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ earth, ìyẹn ibi tí wọ́n ń de nẹ́gétíìfù mọ́. Ọkọ̀ òde òní ní sensọ kékeré kan lórí nẹ́gétíìfù bátìrì iwájú, òun ló ń ka iye iná tó ń wọlé tó ń jáde fún kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá de nẹ́gétíìfù nǹkan tuntun tààrà mọ́ orí bátìrì, ẹ ti gba ẹ̀yìn sensọ yẹn kọjá nìyẹn, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń fa iná, ìṣirò ẹ̀ á dàrú, stop-start, ohun tó máa ń dá pa ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ bá dúró, á máa ṣe wèrè. Ara irin ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́, wọ́n kọ́kọ́ há ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin fi ń dán, lẹ́yìn tí wọ́n dè é tán wọ́n tún fi gírísì bò ó nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù.

Bátìrì fúnra ẹ̀, lithium 100Ah (amp-hour, iye iná tó lè gbé) ni mo rà, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4. AGM, irú bátìrì olójé tí wọn kì í bu omi sí, ìbá dín owó kù, àmọ́ AGM 100Ah, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, 50 péré ni kẹ́ ẹ lò nínú ẹ̀, lithium ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè lò ó tán, kò sì ju kílò méjìlá lọ. Ohun tí lithium ò fẹ́ ni kí wọ́n ṣáàjì ẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ bá ti tutù ju 0°C lọ, ó lè bà á jẹ́ pátápátá, ẹ rí i pé èyí tẹ́ ẹ bá rà ní ohun tó ń dá ìyẹn dúró nínú. Ìdí mìíràn nìyẹn tí inú búùtù fi sàn ju àpótí ìta káráfáànù lọ ní January.

Plug onípin 13 tó wà nídìí ọkọ̀ ń gbé iná wọ káráfáànù lóòótọ́, pin 9 ni iná tí kì í kú, pin 10 ni èyí tó ń wá tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bọ́ fíríìjì lójú ọ̀nà. Wáyà ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tá a fẹ́ lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi plug Anderson 50 amp, eléèérú yẹn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tá a bá ti dúró níbi tá a máa sùn, a ki í bọ̀ ọ́, bátìrì inú búùtù á máa bọ́ káráfáànù. Ẹni tó bá ní mover, mọ́tò kékeré tó fi ń ti káráfáànù ẹ̀, èyí ò tó yín o, mover lè fa ju 50 amp lọ dáadáa, ẹ fi bátìrì yín sílẹ̀ nínú ibẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe? Ó ń ṣe dáadáa. Láti ilé wa dé New Forest, nǹkan bíi wákàtí méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó 60Ah wọlé. Fíríìjì oní-compressor tiwa ń jẹ nǹkan bíi 30 sí 40Ah láti àárọ̀ dé àárọ̀, iná LED àti fóònù àwọn ọmọ ò tó nǹkan, pọ́ǹpù omi ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. A ní inverter kékeré kan tá a fi ń lọ ata: bílẹ́ńdà 500 watt á fa bí 50 amp, ó bani lẹ́rù lójú fóònù, àmọ́ ìṣẹ́jú méjì ni, kò tó 2Ah. Kẹ́tùlù ni kẹ́ ẹ má dán wò, 2,000 watt ń fa ọgọ́rùn-ún amp àti àádọ́rin lé, ẹ fi gáàsì se omi àmàlà yín jàre.

Ó wá ku ìràwọ̀ tí mo yọ. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá, ọ̀sán ni wọ́n dé, kò sí fóònù, kò sí "àbúrò máa bínú". Wọn ò ya àwòrán bí wáyà ṣe rìn fún mi, bẹ́ẹ̀ riwáyà míì tó bá wá tú u lọ́la máa nílò ẹ̀, èmi ni mo fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ibi tí wọ́n ṣí kí wọ́n tó pa á dé. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ búùtù tí wọ́n tú ò jókòó dáadáa mọ́, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ tá a bá gun speed bump. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní, "Ṣé iná ò wá ni?" Mo ní iná ń wá ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó dáa, àwọn ń bọ̀. A ṣì ń retí wọn.

Èyí tó kàn wá yìí kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ètò yẹn ló rí bẹ́ẹ̀: tẹ́ ẹ bá yọ ọkọ̀ kẹ́ ẹ fi lọ ra búrẹ́dì, ẹ ti gbé iná lọ nìyẹn. Fíríìjì á dúró, ẹni tó kù nínú káráfáànù á jókòó sínú òkùnkùn. Wákàtí kan tàbí méjì ò ṣe ẹran inú ẹ̀ ní nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń fi káráfáànù sílẹ̀ láàárọ̀ tó máa ń padà lálẹ́, kó yáa gbé bátìrì sínú káráfáànù kó fara da ìwúwo ẹ̀.

Gbogbo owó ẹ̀ lé ní 700 pọ́n-ùn dáadáa, bátìrì ló kó èyí tó pọ̀ jù, iṣẹ́ ọwọ́ kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyókù ni ṣájà, wáyà àti fíúsì. Tó bá jẹ́ sáìtì hook-up lẹ máa ń lọ, ẹ má ná owó yìí rárá. Ẹ sì sọ fún insurance yín pé ẹ ti fi nǹkan kún ọkọ̀, tiwa ò fi owó kankan lé e, wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.